Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa: “Sọ́rì”

   Àwọn mélòó kan nínú yín ti bi wá léèrè pé ọ̀rọ̀ wo ni a óò gbé yẹ̀wò lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Kò sí ilé wa kan ní Kánò níhìn-ín tí a kì í ti í sọ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, láti orí ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì lè pe orúkọ bàbá rẹ̀ já gaara, dé orí ìyá oníṣòwò tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. “Sọ́rì” ni.

Kì í ṣe eré ni a fi mú un o. Ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ẹjọ́ kan dé iwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní oṣù tí ó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ wa tí a bí sí Sabon Gari níhìn-ín, gun kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn ọjà, ó sì kọ lu ìyá àgbà kan tí ó gbé igbá ẹ̀kọ lérí. Ìyá ṣubú, ẹ̀kọ dà sínú iyanrìn, orúnkún ìyá bó. Ọmọkùnrin náà ní, “Sọ́rì, Màmá.” Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dìde, ó wò ó bóyá ṣéènì ti já, ó sì gùn ún lọ. Àwọn tí wọ́n jókòó sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù, tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, sáré dìde, wọ́n ní, “Sọ́rì o, Màmá. Ẹ sọ́rì o.” Wọ́n gbé ìyá jókòó, wọ́n bu omi fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ẹni tí ó kọ lu ìyá sọ pé sọ́rì. Ẹni tí kò fọwọ́ kàn án sọ pé sọ́rì. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá àgbà wá sí ilé bàbá ọmọkùnrin náà ní alẹ́, pé ọmọ yín gbá ìyá wa ṣubú, kò sì bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà fò dìde láti inú yàrá, ó ní, “Mo ti ní sọ́rì! Gbogbo ọjà ló gbọ́!” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá sì dá a lóhùn pé, “Gbogbo ọjà náà ló ní sọ́rì. Tìrẹ dà?”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ru ìbéèrè yìí kiri. Àwa tí a jókòó ti ìwé ẹrù ní rélùwéè kì í ṣe ọ̀mọ̀wé; ìwé mẹ́fà ni a kà. Ṣùgbọ́n a ní ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, a sì ṣí i.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ní ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Sārig ni wọ́n ń pè é látijọ́, ó wá láti ara sār, tí í ṣe ìrora tàbí egbò. Ibẹ̀ náà ni sore ti wá, èyí tí a máa ń gbọ́ ní ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n bá ń di ẹsẹ̀ ẹni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sorrow ni ó bí sorry, nítorí pé wọ́n jọra létí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun sorry, ohun tí ó ń sọ láti ìpìlẹ̀ ni pé, “Ó ń dùn mí.” Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, ẹ ṣí ìwé kejì tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí keje. Ibẹ̀ ni ó ti ń sọ pé ìwé òun mú wọn sorry. Ìbànújẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ níbẹ̀, kò kan ẹ̀bẹ̀ rárá.

Lóde òní, ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lò ó pọ̀. Bí èjìká rẹ̀ bá gbá tìrẹ lójú pópó, ó ní sorry, ó gbà pé òun ni. Bí kò bá gbọ́ ohun tí o sọ, ó gbé ohùn sókè, ó ní sorry, bí ìgbà tí àwa bá ní “Ẹ ní kí ni?” Bí ilé kan bá ti wó kù díẹ̀, ó lè ní sorry ni ilé náà, èyí ni pé ó ṣeni láàánú. Bí ó bá sì gbọ́ pé bàbá rẹ kú, ó ní, “I am sorry to hear it.” Ẹ fi ojú sí èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń bá ènìyàn kẹ́dùn, ó máa ń so ìrù mọ́ sorry rẹ̀: ó dun òun láti gbọ́ ọ, tàbí ó dun òun nítorí àdánù rẹ. Èyí tí kò nírù, tí ó dá wà, létí rẹ̀, ẹ̀bi ni ó sábà máa ń jẹ́.

Àwa kì í so ìrù. Ẹni ẹlẹ́ni fẹsẹ̀ kọ, sọ́rì. Ó sín, sọ́rì. Òjò pa á, ẹrù wúwo lórí rẹ̀, iná bó o lọ́wọ́, wọn kò san owó oṣù rẹ̀, sọ́rì, sọ́rì. (Àwọn ọmọ tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní “sọ́rì fún ara ẹ”, èébú nìyẹn, a kò ní fi àyè ṣòfò lé e lórí.) Àwọn àgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ rélùwéè ṣáájú 1960 máa ń sọ ìtàn ọ̀gá Òyìnbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. Akọ̀wé wa kan tí ó dúró ní ọ̀ọ́kán ní, “Sorry, sir!” Òyìnbó yí padà, ó ní, “Èéṣe? Ṣé ìwọ ni o da epo síbẹ̀?” Wọ́n ní láàgùn ni akọ̀wé náà ń làágùn. Kò da epo kankan. Pẹ̀lẹ́ ni ó fẹ́ wí, kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Kò lè rí i, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò ní pẹ̀lẹ́. Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe. A fi ń kí ènìyàn tí a bá pàdé lọ́nà: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” A fi ń tu aláìsàn nínú. Ẹni tí ń gbé ọmọ jòjòló sọ̀kalẹ̀, a ní kí ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwà tí a fẹ́ kí ọkọ ọmọ wa ní, ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o, láti ẹnu ọ̀nà dé inú ìyẹ̀wù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín àwọn Haúsá sì ti mọ̀ pé bí sannu ti rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Sannu ni ìkíni. Sannu-sannu ni kí a rọra. Bí o bá sì fẹsẹ̀ kọ níwájú ẹni tí ń ta obì, sannu náà ni yóò wí fún ọ. Àwọn Ìgbò ní ndo, wọ́n fi ń báni kẹ́dùn, wọ́n sì fi ń bẹ̀bẹ̀.

Ojú irin láti Baro dé Kánò ní 1911. Lẹ́yìn náà ni oríṣiríṣi wa wá kún Sabon Gari. (A kì í yé rẹ́rìn-ín sí i: nílé, Sábó ni ibi tí àwọn Haúsá ń gbé, níhìn-ín, àwa ni ará Sabon Gari.) Oní-pẹ̀lẹ́, oní-sannu àti oní-ndo di ará àgbàlá kan náà, tí wọ́n ń fa omi nínú ẹ̀rọ kan náà. Bí garawa bá ṣubú lu ọmọ aládùúgbò lẹ́sẹ̀, èdè wo ni ẹ ó fi kí i? Lójú tiwa, ibi irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ni sọ́rì ti di ti gbogbo wa. A mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi àánú tiwa kún inú rẹ̀. Nítorí náà a kò fara mọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń gbá ọmọ létí pé ó ní sọ́rì fún ẹni tí òun kò ṣẹ̀. Ọmọ náà ní ó ń dun òun. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ láti ẹgbẹ̀rún ọdún wá nìyẹn! Kí wọ́n kàn kọ́ ọ pé bí ó bá ń bá Òyìnbó sọ̀rọ̀ tàbí tí ó ń kọ ìdánwò, kí ó so ìrù mọ́ ọn.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni pé a ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ipò pẹ̀lẹ́, a tún fi jókòó sí ipò ẹ̀bẹ̀. Ẹ fetí sí àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ wa. “Ẹ má bínú”: ìbínú ẹlòmíràn ni a ń bá sọ̀rọ̀. “Ẹ forí jì mí”: a ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè kọ̀. “Mo jẹ̀bi”: a dá ẹjọ́ fún ara wa. “Mo túúbá”: àwa àti Haúsá ni a jọ ní in, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, ìrònúpìwàdà ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò na ọwọ́ sí ẹni tí a ṣẹ̀. Sọ́rì kò na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ara tẹni nìkan ni ó ń sọ: ó dùn mí. Bí o bá gbá àgbàlagbà ṣubú, tí o sì ń sọ fún un pé ó dùn ọ́, ṣé kò yẹ kí ó bi ọ́ pé orúnkún ta ni ó bó?

Ara pẹ̀lú ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi, a ó wá àgbà tí yóò bá wa lọ. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kò tíì kúnlẹ̀ rárá.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò bu owó ìtanràn lé ọmọkùnrin náà. Wọ́n bi í pé kí ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ó ní sọ́rì. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ẹ̀rù ni ó bà mí.” A gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn méjì mú un lọ sí ilé ìyá àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Màmá, èmi ni mo kọ lù yín. Mo sì sá lọ. Ẹ forí jì mí.” Ìyá wò ó, ó ní, “Mo ti gbọ́. Dìde. Ọmọ ìyá wo ni ọ́ ná?” Ó gba owó ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gba owó orúnkún.

Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí ń dà láàmú. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aláṣẹ ń gba ọmọ àwọn onílẹ̀ ìpìlẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òbí wọn, wọ́n ń kó wọn sí ilé ìtọ́jú àti sọ́dọ̀ àjèjì. Ìwé ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 1997. Àwọn ènìyàn ní kí ìjọba sọ sorry. John Howard tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà kọ̀. Ní 1999 ó mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá sí ilé ìgbìmọ̀, regret, èyí ni pé ó ká wọn lára pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní kò tó. Láti 26 May 1998 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n fi sorry pe orúkọ rẹ̀. Ó di 13 February 2008 kí Kevin Rudd tó dìde ní ilé ìgbìmọ̀ kan náà, tí ó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn arúgbó sì ń sunkún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mọ́kànlá, lórí ọ̀rọ̀ kan.

Ní England àti Wales pẹ̀lú, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ba àwọn ènìyàn débi pé wọ́n fi sínú òfin ní 2006 pé bí ẹnìkan bá tọrọ àforíjì, ìyẹn nìkan kò tó láti fi sọ pé ó jẹ̀bi àìbìkítà. Ontario ní Kánádà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2009. Òfin ni ó ń sọ fún wọn pé ẹ lè bẹ̀bẹ̀, kò sí ewu!

Èyí tí ó kù ni ti ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kọ sílé, èyí ni ó sì ká wa lára jù. Ọmọbìnrin wa kan, tí ó kàwé dáadáa, gbọ́ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kú ní Ọ̀fà. Ó mú ìwé, ó kọ ìlà méjì ní Gẹ̀ẹ́sì, pé sorry fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bàbá àgbà kò mọ ìwé. Ọmọ aládùúgbò ni ó bá a kà á, ọmọ náà sì túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti mọ̀ ọ́n: “Ó ní kí ẹ má bínú sí òun nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.” Bàbá ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá ní, “Kí ni ó fi ṣe ìyàwó mi tí ó fi ń bẹ̀ mí?”

Ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dà nínú ilé tí òkú ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ará ilé kan tó ti Kánò dé ibẹ̀ láti ṣàlàyé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń wo ìyá ọmọ náà ní ìwòkúwò. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ́ síbí, kí a má dárúkọ.

A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi kọ Yorùbá. Ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Kò sì purọ́. Níhìn-ín ni a bí i, sannu àti sọ́rì ni ó bá láyé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá yín lọ sí ilé ọ̀fọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, a ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú ìrọ́jú.” Bí ó bá jẹ́ àgbà ni ó lọ, a ní, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.” Bí wọ́n bá ti sìnkú tán, tí àlejò sì ti jẹun, a ní, “Ẹ kú ìnáwó.” Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni ó kú, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìyá rẹ̀, a ó ní, “Omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Ẹni tí ọkọ̀ dà nù tí ó yọ, “Ẹ kú ewu.” Ẹni tí olè kó ní ọjà, “Kí Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí.” Bí ẹ bá fi sọ́rì kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo èyí, a jẹ́ pé ọ̀fọ̀ àti olè di ọgbọọgba.

A jókòó pẹ̀lú ọmọbìnrin náà, ó sì kọ òmíràn fúnra rẹ̀. Ó gbà kí a tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, fún àwọn tí wọ́n bá fẹ́ wò ó:

“Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọwọ́ Màmá ni mo ti kọ́kọ́ jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà nígbà tí a wá sílé, àwọn ni wọ́n sì dì mí nírun lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. N kò lè gbàgbé. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, àánú yín ni ó wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni kò yé ẹni tí ó kà á. Ọlọ́run yóò tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ yí yín lọ́wọ́ o.”

Èsì ti dé. Bàbá fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí i, ó sì ní kí ó mú ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí òun rí i.

Ìyá kan ní Kaduna ti kọ̀wé sí wa pé ọmọ òun ń sọ lójoojúmọ́ pé òun kò “happy”, kí a sọ fún òun bóyá ebi ni tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyẹn ni a óò gbé yẹ̀wò ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò sọ sí i, kí ó fi ìwé rẹ̀ lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí oṣù tó parí.